Ẹ̀wù Tí Ọláoyè Rán Láti Fi Jẹun ní Kútọnu

Bí ẹ bá dé Òkè-Ọ̀dàn tí ẹ béèrè ilé Ọláoyè télọ̀, kò sẹ́ni tí yóò nawọ́ júwe rẹ̀ fún yín. Wọn á kàn ní kí ẹ tẹ́tí. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ a máa ké bí òwìwí tí òtútù mú, igbe rẹ̀ a sì máa dé odò. Àwọn kan ní mo ń bù mọ́ ọn. Àwọn yẹn kò sùn sí ìtòsí rẹ̀ rí.

Ọ̀rẹ́ mi ni Ọláoyè láti kékeré. Ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ yẹn, gbogbo òwú ayé ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo ti rí i tó jẹ odindi iṣu kan níbi ìkómọ, tó wá yíjú sí àwọn onílé pé, "Ṣé ẹ ti fẹ́ máa gbé oúnjẹ bọ̀ ni?" Kì í ṣe wọ̀bìà o. Ohun tí kò lè fara dà ni kí nǹkan ṣòfò. Bó bá gé aṣọ oníbàárà, èyí tó ṣẹ́ kù á di fìlà. Èyí tó ṣẹ́ kù lára fìlà á di aṣọ ìrọ̀rí. Èyí tó bá wá ṣẹ́ kù lára ìyẹn, á fi nu epo kúrò lára ẹ̀rọ. Bó ṣe ń ránṣọ náà ló ṣe ń jẹun. Lójú rẹ̀, oúnjẹ kò gbọdọ̀ ní àgékù.

Hùmúàní ni ìyàwó rẹ̀. Obìnrin gíga ni, tó jẹ́ pé bó bá wọ yàrá, àwọn àga á tún ara wọn tò. Kí ìjọba tó ti ẹnubodè, òun ló máa ń sọdá lọ sí Ìgólò, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti ra síìpù àti láínì, aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú ẹ̀wù, fún ọkọ rẹ̀. Bó bá sì ti ra ọjà tán, ìrẹsì kan wà tó máa ń jẹ lábẹ́ àtíbàbà kan níbẹ̀: ìrẹsì gígùn, tí kò ní òkúta, tí wọ́n fi tòmátò àti táìmù sè. Ó ní bí òun kò bá tíì jẹ ẹ́, òun kò tíì ná ọjà lọ́jọ́ náà.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n ti ẹnubodè pa. Síìpù ló kọ́kọ́ wọ́n, ìrẹsì tẹ̀lé e. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé bẹntiróòlù wá sí ìlú tó bá sún mọ́ ààlà. Ilé epo wá di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ìlaró á kọ́kọ́ jókòó, á ronú bóyá ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lórí fóònù. A dà bí adìẹ tí wọ́n da apẹ̀rẹ̀ bò: à ń rí ìta láti ojú ihò, a kò rọ́nà jáde.

Inú apẹ̀rẹ̀ yẹn ni a wà tí ibà fi gbé Hùmúàní dè. Nígbà tó yá, ibà lọ, ṣùgbọ́n ó kó adùn ẹnu rẹ̀ dání lọ. Ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń wọlé, ìyẹn náà díẹ̀díẹ̀ bí oògùn. Ọláoyè wá ìrẹsì kan rà ní Ọ̀wọdé, ó sè é fúnra rẹ̀. Hùmúàní fi ṣíbí kan sẹ́nu, òkúta dún káù, eyín rẹ̀ kan sán. Ó rọra ti àwo sẹ́yìn.

Ó ní, "Bàbá Toheebat, ẹ má ṣe wàhálà mọ́. Bó bá jẹ́ ìrẹsì Ìgólò ni, mà á gbìyànjú. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ba Ọláoyè lẹ́rù. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ bùbá ìyàwó rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, nítorí ó ti rù. Kò pẹ́, ó tún gbà á wọlé. Lọ́jọ́ kan mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo bá a nídìí ẹ̀rọ, bùbá yẹn wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Bàbá Nathaniel, bí mo bá tún gbà á wọlé, ó di aṣọ ọmọdé."

Èmi tí mo máa ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, mo wá yẹ̀yẹ́ kan nínú ara mi lọ́jọ́ náà, n kò rí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí Toheebat, ọmọ wọn, fi pè láti Kútọnu, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà aṣọ kan.

"Bàbá, ọ̀gá wa fún àwa òṣìṣẹ́ ní ẹ̀bùn ìparí ọdún. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta ni, ní òtẹ́ẹ̀lì etí òkun, fún bàbá àti ìyá ẹni. Ẹ ó sùn, ẹ ó sì máa jẹun bó bá ṣe wù yín."

"Bó bá ṣe wù mí, báwo?"

"Wọ́n á tẹ́ oúnjẹ sórí tábìlì gígùn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bù ú. Ẹ bù ú lẹ́ẹ̀kan, ẹ bù ú títí ọwọ́ á fi ro yín, kò sẹ́ni tó máa wò yín lójú. *À volonté* ni wọ́n ń pè é níbí."

Ọláoyè rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

"Toheebat, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ bọ́ wa sanra kí wọ́n tó pa wá?"

"Ah, Bàbá!"

Hùmúàní kò lè lọ. Ẹsẹ̀ tí kò gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ṣé ẹsẹ̀ yẹn ni yóò gbé e dé Kútọnu? Ó yíjú kúrò lára ògiri, ó ní, "Ẹ lọ. Ẹ jẹ tèmi mọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí irú ìrẹsì yẹn níbẹ̀, ẹ bá mi bu díẹ̀ bọ̀."

Ẹ bá mi bu díẹ̀ bọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré, ẹrù ńlá. Ènìyàn tó bá níwèé lọ́wọ́ lè kọjá ní Ìdí-Ìrókò, ṣùgbọ́n ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè, ì báà ṣe ẹ̀kúnwọ́ kan, kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n ń tú àpò, wọ́n ń tú abẹ́ àga mọ́tò. Mo gbọ́ pé wọ́n tú gèlè kúrò lórí ìyá àgbà kan, wọ́n bá orí.

Télọ̀ bá bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ó rán ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan tó jẹ́ kìkì àpò: àpò láyà, àpò níkùn, àpò lábẹ́ apá. Ó fi ọ̀rá tẹ́ inú wọn kí ọbẹ̀ má baà jò. Agbádá funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí yídì ni yóò fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ hàn mí, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ilẹ̀kùn mú.

"O jọ àgbébọ̀ tó fẹ́ sàba."

"Máa rẹ́rìn-ín. Adìẹ tó bá sàba ló ń kó ọmọ lẹ́yìn."

Mo fún un nímọ̀ràn, nítorí mo ti jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ púpọ̀ láyé mi, láti orí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì dé orí ìsìnkú ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo ní, "Má fẹnu kan búrẹ́dì. Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń dí ikùn tálákà kó má baà dé ìdí ẹran. Má sì mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Afẹ́fẹ́ ni, àyè ẹja ló ń gbà."

Ọláoyè gbààwẹ̀ kó tó kúrò nílé. Nígbà tó fi máa dé òtẹ́ẹ̀lì náà, ó ní ìfun òun ti ń bá ara wọn jà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn ńlá kan fún un. Tábìlì tó bá níbẹ̀ gùn tó láti ọjà Òkè-Ọ̀dàn dé ọ̀nà Ajílété, ẹja kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ní láti ká ìrù rẹ̀ kó lè gba inú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Àwọn yòókù sáré mú àwo, wọ́n kó búrẹ́dì àti ewé tútù dé góńgó. Ọláoyè kò sáré. Ó gbé àwo òfìfo dání, ó rìn yí tábìlì náà ká, ó ń ṣí ìdérí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yí aṣọ padà wo inú rẹ̀ kó tó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Ó wo ibi tí iná ti ń ru lábẹ́ abọ́ àti ibi tí iná ti kú. Ó mú àga tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ohun gbígbóná ń kọ́kọ́ gbà jáde. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀: ẹja yíyan, edé, ẹran àgùntàn, ẹyin tí wọ́n dín mọ́ àlùbọ́sà. Ó jẹ, ó nu ẹnu, ó ní *alhamdulillah*.

Ó bá dìde, ó rìn yípo, ó jókòó sórí àga tó kọjú sí tirẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìpín Hùmúàní nìyẹn. Ó ní kò bójú mu kí òun jókòó sórí àga òun kí òun máa jẹ oúnjẹ ìyàwó òun.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan yí padà. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tí kò lè rí àṣẹ́kù kó má gbé e mì, wọ́n wá mú un jókòó síwájú tábìlì tí kì í tán. Bó bá gbé ẹran kan kúrò, obìnrin kan á jáde láti ilé ìdáná, á fi méjì rọ́pò rẹ̀. Ó jẹ lórí àga àkọ́kọ́, ó jẹ lórí àga kejì, abọ́ ṣì kún. Òkun wà lẹ́yìn gíláàsì, àwọn ènìyàn ń wẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo. Kò fẹsẹ̀ kan omi. Òógùn bò ó. Ó pè mí.

"Bàbá Nathaniel, ẹ̀wọ̀n ni mo wà."

"Ẹ̀wọ̀n ẹlẹ́ran?"

"Bí mo bá dìde, ìpín Ìyá Toheebat ṣòfò. Bí mo bá jókòó, èmi gan-an ni mà á ṣòfò."

"Ìrẹsì ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Kò sí. Ànàmọ́ ni, ìndómì ni, oríṣi nǹkan kan tó dà bí gàrí tí wọ́n se. Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé oúnjẹ jáde. Ó ní bóyá lọ́la."

Ọ̀la yẹn ni ọjọ́ tó máa padà sílé. Ó wọ ẹ̀wù àpò láti àárọ̀, ó gbé agbádá lé e. Wọ́n gbé oúnjẹ jáde, kò sí ìrẹsì. Ó jẹ ìpín tirẹ̀, ó ṣípò, ó jẹ ti Hùmúàní, ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó jẹ títí ó fi di pé bí ó bá tẹ̀ síwájú, oúnjẹ á wo ìta láti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà náà gan-an ni wọ́n gbé ìrẹsì jáde. Ìrẹsì gígùn, pupa fòò, òórùn táìmù ń ta lára rẹ̀.

Àkọlé kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà pé oúnjẹ kò gbọdọ̀ jáde. Ọláoyè kẹ́yìn sí àkọlé. Ó bu ìrẹsì sí àwo, ó jókòó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ọrùn agbádá sókè, ó sì da ṣíbí kìíní sí àpò àyà. Ṣíbí kejì. Ṣíbí kẹta.

"Bàbá, ṣé àyà lẹ fi ń jẹun lọ́dọ̀ tiyín ni?"

Obìnrin ilé ìdáná ni. Ifákẹ́mi ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ṣákétè, Yorùbá sì já geere lẹ́nu rẹ̀. Ṣíbí dúró sójú afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ Ọláoyè.

Ó ní, "Ìyàwó mi ni. Ó wà nílé. Kò jẹun mọ́. Irú èyí nìkan ló ní òun lè jẹ."

Ifákẹ́mi wo àga tó ṣófo níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń rí i tó ń fò láti àga kan sí èkejì. Nínú ilé ìdáná, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ pé orí bàbá náà kò pé.

"Àṣé ìpín ìyàwó yín lẹ ń jẹ níbẹ̀ yẹn?"

"Òun ni."

Ifákẹ́mi gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ṣí àpò yẹn dáadáa, ẹ ti ń dà á sí irùngbọ̀n." Ó rọ ọ́ kún, ó ti itan adìẹ méjì bọ àpò abẹ́ apá, ó gbọn agbádá wálẹ̀ bò ó. "Ẹ máa lọ. Ẹ má tẹríba fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi délé."

Ọláoyè wọkọ̀ láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Ìgólò, ó nàró bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ìrẹsì gbígbóná ń jó o láyà. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ń fa èémí símú, wọ́n ń béèrè ta ló gbé ọbẹ̀ dání. Òun náà bá wọn béèrè.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀rẹ́ mi kò rò. Ọ̀gá ni nídìí aṣọ, kò rán ọ̀rá rí. Bí abẹ́rẹ́ bá gba inú aṣọ kọjá, òwú á dí ojú ihò náà. Ọ̀rá kì í pa ojú dé. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti bọ́ sí lára ọ̀rá yẹn, ihò ló ṣí kalẹ̀ síbẹ̀ bí ajere. Kó tó dé Ìgólò, epo ti ń wá ọ̀nà.

Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀ pé ó ti jáde kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó rìn síwájú nínú oòrùn, ó dé ibi tí wọ́n ta okùn dí ọ̀nà ní Ìdí-Ìrókò. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aṣọ́bodè ló dúró níbẹ̀, Kẹ́misọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó nawọ́ láti gba ìwé, ó gbójú sókè, ó sì figbe ta.

"Bàbá! Ẹ ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Ọláoyè wolẹ̀. Agbádá funfun ti pọ́n láti àyà dé ìdodo. Kó tó lanu, àwọn òṣìṣẹ́ méjì ti rọ́ dé, wọ́n gbá a mú léjìká àti lẹ́sẹ̀, wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀.

"Ẹ má dà mí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà mí nù!"

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà, kì í ṣe ẹ̀yin!"

Kẹ́misọ́lá tẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó fa èémí. Ó tún fa èémí. "Ẹ̀jẹ̀ wo ló ń rùn bí àlùbọ́sà àti táìmù báyìí?"

Wọ́n ká agbádá sókè. Kẹ́misọ́lá wo àpò, ó wo ìrẹsì, ó fi eyín mú ètè kí ẹ̀rín má baà jáde.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Oúnjẹ ni."

"Ìrẹsì ni."

"Ọmọ mi, ó ti jinná. Ìrẹsì ni wọ́n fòfin dè. Èyí ti di oúnjẹ."

"Ta ló sọ fún yín pé iná ń sọ ìrẹsì di ọmọ onílẹ̀? Kò gbọdọ̀ kọjá okùn yìí. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ dà á nù. Tí ẹ kò bá fẹ́ dà á nù, ẹ jẹ ẹ́ níbí. Èyí tó bá ti wọkùn yín, tiyín ni. Èmi kì í tú ikùn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́jọ́ wo ni wọ́n tíì sọ fún Ọláoyè rí pé kó jẹun, tí kò ní jẹ? Ó mú ẹ̀kúnwọ́ kan sẹ́nu, bóyá kí òun dín in kù kí wọ́n lè fojú fo ìyókù. Ó jẹ ẹ́ títí, kò lọ. Ìpín àga kìíní àti ìpín àga kejì ti jókòó dí ọ̀nà. Ó yọ ọ́ jáde pẹ̀lú ìtìjú.

Àwọn arìnrìnàjò tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e mì! Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà ṣí!" Ó fọwọ́ méjèèjì di àyà mú bí abiyamọ tí ìjì bá lójú ọ̀nà. Kò lè padà, nítorí Ìgólò ti lù ú lóǹtẹ̀ jáde. Kò lè kọjá, nítorí okùn. Bẹ́ńṣì kan wà lábẹ́ igi, láàrin Ìgólò àti okùn náà, ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí okùn. Ibẹ̀ ló lọ jókòó sí.

Ó rí ọ̀nà tó lọ sí Ìhunbọ̀ láti ibi tó jókòó. Ó rí ewúrẹ́ tó gba abẹ́ okùn wọlé, tó tún gba abẹ́ okùn jáde, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan. Oòrùn ń yí, òun náà ń sún lórí bẹ́ńṣì tẹ̀lé òjìji igi. Eṣinṣin ti gbọ́ ìròyìn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kì í ṣe agbádá tó bàjẹ́, kì í sì í ṣe àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìrẹsì tòmátò kì í dúró de ẹnikẹ́ni nínú oòrùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á ti kan. Á wá dé ilé lọ́wọ́ òfo, á bá Hùmúàní tó kọjú sí ògiri, kí ni yóò wí? Pé òun jẹ tirẹ̀ ní Kútọnu?

Ó pè mí.

"O ti délé?"

"Mo wà lẹ́yìn okùn." Ó ro gbogbo rẹ̀ fún mi.

"Jẹ ẹ́, kó o máa bọ̀. Ká wá nǹkan mìíràn fún un."

"N kò lè jẹ ẹ́. Mo ti yó."

Mo mú fóònù kúrò létí, mo wò ó. "Ta ló yó?"

"Èmi."

"Tún un sọ."

"Bàbá Nathaniel, kì í ṣe àkókò eré. Lọ sọ fún Ìyá Toheebat pé kó má retí mi."

Mo lọ. Hùmúàní wà lórí ẹní bí mo ṣe máa ń bá a, ẹ̀kọ mímu tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí ọrùn rẹ̀ tó tín-ín-rín nínú bùbá yẹn, ahọ́n mi yà bàrá. Mo bu díẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ní, "Wọ́n ti so ọkọ rẹ mọ́lẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò."

Ó yíjú. "Wọ́n so ta ni?"

"Ọláoyè. Okùn tó nípọn tó ọwọ́ mi yìí. Ìrẹsì rẹ ni wọ́n bá lára rẹ̀. Wọ́n ní kó jẹ ẹ́ tàbí kó dà á nù, ó ní òun kò ní ṣe ọ̀kankan, ti ìyàwó òun ni."

"Ṣé inú oòrùn ni?"

"Inú oòrùn ni. Bí ewúrẹ́ iléyá."

Hùmúàní fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Ó dìde jókòó. Ó di ògiri mú, ó dìde dúró. Láti ìgbà tí ibà ti lọ, n kò rí i lórí ìdúró.

"Bàbá Nathaniel, kí lẹ ń wò? Ẹ fún mi ní gèlè mi."

Bánjí ọlọ́kadà ní bẹntiróòlù díẹ̀ nínú ìgò tó ń tọ́jú bí oyin ìgàn. Nígbà tó rí ẹni tó fẹ́ gùn ún, kò jiyàn. Ó wà níwájú, Hùmúàní wà láàrin, èmi wà lẹ́yìn, mo fi apá yí i ká kó má baà ṣubú. Bí ẹni gbá àkùkọ mọ́ra ló rí. Ní Ìhunbọ̀, Hùmúàní ní kí Bánjí túbọ̀ sáré.

A dé. Ọláoyè jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ń fi fìlà lé eṣinṣin kúrò láyà. Hùmúàní sọ̀kalẹ̀, ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá yí sí mi.

"Bàbá Nathaniel, okùn dà?"

Mo nawọ́ sí èyí tí wọ́n ta dí ọ̀nà. "Òun nìyẹn."

Ojú tó fi wò mí, bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, ì bá ti rán ètè mi pọ̀. Ó fi mí sílẹ̀, ó kọjú sí Kẹ́misọ́lá.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lọkọ mi fi ṣe ọ́?"

Kẹ́misọ́lá kúnlẹ̀ ìlàjì nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Wọn ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ìrẹsì yín ni kò gbọdọ̀ kọjá okùn yìí. Bí òfin ṣe wí ni."

Hùmúàní ronú sí i. "Ìrẹsì ni kò gbọdọ̀ kọjá wá sọ́dọ̀ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi ńkọ́? Ṣé èmi gbọdọ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ ìrẹsì?"

Kẹ́misọ́lá wo okùn, ó wo bẹ́ńṣì, ó wo ọrùn ìyá náà nínú bùbá.

"Bẹ́ńṣì yẹn kò tíì dé Bẹ̀nẹ̀." Ó tẹ okùn mọ́lẹ̀. "Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀."

Hùmúàní jókòó ti ọkọ rẹ̀. Kò kí i. Ó wo àyà rẹ̀ tó pọ́n, ó ní, "Ẹ ṣí i." Ọláoyè tú okùn àpò, ó na ẹnu rẹ̀ sí i bí ìgbà tí wọ́n bá na ọmú sí ọmọ. Hùmúàní bọ ọwọ́ sínú, ó bu díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra, lápá ibi tí eyín rẹ̀ kò ti sán. Gbogbo wa ń retí káù.

Ó gbé e mì.

Ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

Ọláoyè gbójú sókè wò ó. Láti ọjọ́ tí ibà ti lọ, iyọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Hùmúàní, bẹ́ẹ̀ ni kì í kéré; gbogbo nǹkan, bí eérú ni. Ọláoyè ní, "Mà á bá wọn wí."

"Ẹ bá wọn wí." Ó tún bu èkejì, èyí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó jẹ àpò àyà dé ìsàlẹ̀, ó ní kí ọkọ rẹ̀ yípadà kí òun rí ti ikùn. Láàrin ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó béèrè pé, "Ẹran ńkọ́? Ṣé ìrẹsì lásán ni wọ́n ń jẹ ní òtẹ́ẹ̀lì?"

Ọláoyè fi ojú wá Kẹ́misọ́lá. Adìẹ ilẹ̀ òkèèrè náà wà lára ohun tí kò gbọdọ̀ wọlé, kò sí ọmọ ẹnubodè tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kẹ́misọ́lá ní, "Kò tíì wọlé, Bàbá. Ẹ yọ ọ́, kí wọ́n tètè jẹ ẹ́ tán."

Ó jẹ itan kan, ó fọ́ egungun rẹ̀. Ó jẹ èkejì dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ń wúwo. Kẹ́misọ́lá fún un ní omi inú ọ̀rá, ó mu ún tán. Ó gbé orí lé èjìká Ọláoyè, lórí agbádá olómi-epo yẹn, kò sì gbé e kúrò mọ́. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ọ tó ń hanrun.

Bánjí ní ilẹ̀ ti ń ṣú, epo òun kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mo nawọ́ láti jí i.

Ọláoyè gbá ọwọ́ mi kúrò. Ìdajì itan adìẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, kò jẹ ẹ́, kò sì wò ó.

Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Oúnjẹ ló pa á."